Omi Ni A Ń Sìn Kí A Tó Sin Ẹja: Ẹ̀kọ́ Lórí Odò Inú Gíláàsì

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà tàbí ti ìtàn ìdílé. Ọ̀rọ̀ ẹja ni, ẹja kéékèèké tí a kì í jẹ, tí a ń sìn nínú àpótí gíláàsì fún ìgbádùn ojú. Akuéríọ̀mù ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ ti lè rí irú rẹ̀ ní gbọ̀ngán òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé-ìfowópamọ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń hó tọ̀sán-tòru, tí òkúta aláràbarà àti ewé oníke sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe irú ìyẹn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àpótí tí a gbin ewéko tòótọ́ sí, tí ewéko náà sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe, ni a fẹ́ kọ́.

Kí ló dé tí a fi yan èyí? Ìdí kìíní ni iná mọ̀nàmọ́ná. Àpótí tó gbára lé ẹ̀rọ nìkan, ọjọ́ tí iná bá lọ láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì, inú ewu ni ẹja rẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe sí wa. Nítorí náà, ewéko tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán lójú ará Lọ́ńdọ̀n tàbí Tókíò, òun gan-an ni ẹ̀rọ tó bá orílẹ̀-èdè tiwa mu. Ìdí kejì ni owó. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló lówó tí yóò máa fi ra ẹja tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti kú?

Ìdí kẹta ló dùn mọ́ wa jù lọ. Púpọ̀ nínú ewéko àti ẹja tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà fún àpótí wọn, odò tiwa ni wọ́n ti wá. Ẹja kan wà tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Fundulopanchax gardneri. Àwọn tó ń sìn ín lókè òkun máa ń so orúkọ ìlú tí wọ́n ti mú un mọ́ ọn lọ́rùn, kí irú kan má baà dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Nínú àwọn orúkọ náà, Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, Makurdi wà níbẹ̀, Lafia wà níbẹ̀, Jos Plateau tí a ń gbé yìí náà sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè wà ní Jámánì kí ó máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Àkúrẹ́ òun ti yé ẹyin, kí ọmọ Àkúrẹ́ tó ń kàwé ní Jos má sì mọ̀ pé ẹja kankan ń jẹ́ orúkọ ìlú bàbá òun.

Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1832, obìnrin ará Faransé kan tó ń gbé ní erékùṣù Sicily, Jeanne Villepreux-Power, ṣe àpótí gíláàsì láti máa fi wo ìwà àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀kọ́ tiwa ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan ní Lọ́ńdọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 1849 sí 1850, ó kó ẹja aláwọ̀ wúrà méjì sínú omi, ó gbin ewéko sí i, ó sì ń ṣọ́ wọn. Ewéko ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́ tí yóò mí, ìgbẹ́ ẹja sì di ajílẹ̀ fún ewéko. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ewé tó gbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, tí omi sì dàrú. Warington wá kó ìgbín omi sí i. Ìgbín jẹ ewé jíjẹrà náà, omi mọ́ padà. Ẹja, ewéko, ìgbín: ẹ̀dá mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, kò sì sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ nítorí pé kò tíì sí iná mọ̀nàmọ́ná nílé ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Nígbà tí Philip Henry Gosse tẹ ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde ní 1854, àṣà náà gba ìlú kan. Lẹ́yìn náà ni iná dé, ẹ̀rọ dé, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewéko sí ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1999 ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Diana Walstad, kọ ìwé Ecology of the Planted Aquarium, tó fi dá àwọn ènìyàn padà sí ọ̀nà Warington: ilẹ̀ lásán nísàlẹ̀, iyanrìn lórí rẹ̀, ewéko púpọ̀, ẹja díẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a ó tẹ̀ lé.

Iṣẹ́ Tí Ó Ń Lọ Nínú Omi

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé apá yìí.

Ẹja ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, ó sì ń tú amóníà jáde láti ibi tí ó fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù sílẹ̀ àti ewé tó rà ń di amóníà pẹ̀lú. Amóníà yìí ni òórùn rẹ̀ máa ń ta síni nímú ní ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀. Májèlé ni fún ẹja. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó sì pọ̀, ó ń gbé e lọ. Nínú gíláàsì, kò sí ibi tí yóò lọ. Ẹja tí a rà ní Sátidé tó kú ní Ọjọ́bọ̀, tí a ní ẹni tó tà á fún wa ló tan wá jẹ, tàbí tí a ní ọwọ́ wa kò ṣe é fi sin ẹja, lọ́pọ̀ ìgbà, ìtọ̀ ara rẹ̀ ló mu kú.

Ta ni yóò wá gbà á sílẹ̀? Ẹ̀dá méjì ni. Èkíní ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà. Irú kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nitrosomonas, máa ń sọ amóníà di náítráìtì. Náítráìtì náà burú, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Irú kejì, Nitrospira, máa ń sọ náítráìtì di náítréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu àfi bí ó bá pọ̀ jù. Àwọn bakitéríà yìí kì í léfòó nínú omi lásán. Ara iyanrìn, ara gíláàsì, ara òkúta àti ara ewé ni wọ́n ń gbé. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń da gbogbo omi nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ń kó iyanrìn jáde fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tó tún ń dá a padà, fi ń pa ẹja rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́tótó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń fọ̀ dànù.

Bakitéríà wọ̀nyí kì í yára pọ̀. Àwọn bakitéríà mìíràn lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n tiwọn lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí odindi ọjọ́ kan. Nítorí náà ni àpótí tuntun fi ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí omi rẹ̀ tó gbó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ẹ lò nìyẹn: omi ń gbó, bí ẹ̀kọ ògì ti ń gbó kí ó tó kan.

Ẹ̀dá kejì ni ewéko. Ewéko ń fa amóníà mu ní tààràtà, ó fi ń ṣe ewé tuntun, kò sì dúró de bakitéríà kankan. Àní ọ̀pọ̀ ewéko omi fẹ́ràn amóníà ju náítréètì lọ. Bí a bá gbin ewéko púpọ̀ tó ń yára hù láti ọjọ́ kìíní, a ti ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, iná ì báà wà, iná ì báà máà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ọ̀sán ni ewéko ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Ní òru, òun náà ń mí bí ẹja ti ń mí, ọ́síjìn ni ó sì ń fà sínú. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọ́síjìn inú omi máa ń kéré jù. Ẹni tó bá jí ní aago mẹ́fà tó rí gbogbo ẹja rẹ̀ lójú omi, tí wọ́n ń ya ẹnu, kí ó mọ̀ pé ẹja ti pọ̀ jù fún àpótí náà, tàbí pé nǹkan kan ń jẹrà nísàlẹ̀.

Àpótí, Ilẹ̀ àti Iyanrìn

Ẹ má rò pé àpótí kékeré ló rọrùn jù. Omi díẹ̀ ń yára bàjẹ́, ó ń yára gbóná, ó sì ń yára tutù. Èyí tí a dámọ̀ràn ni àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 30-30. Lítà 54 ni yóò gbà bí ó bá kún dẹ́nu. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù lè gé gíláàsì mìlímítà 6 fún yín, kí wọ́n sì fi sílíkọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo sílíkọ́ọ̀nù lásán, irú èyí tó máa ń rùn bí fínígà bí ó bá ń gbẹ. Èyí tí wọ́n fi oògùn olú sí fún ilé ìwẹ̀ kò dára, nítorí oògùn náà lè pa ẹja. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ rọ omi kún un ní ìta fún ọjọ́ méjì kí ẹ fi wò ó bóyá ó ń jò.

Lítà omi kan wọn kílò kan. Bí a bá ro omi, gíláàsì àti iyanrìn pọ̀, àpótí yìí yóò súnmọ́ kílò 70 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ dáadáa. Tábìlì ìkàwé tó ń mì kò lè gbé e. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé tààrà. Bí omi bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti sún un.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ da ilẹ̀ ọgbà tí ẹ ti sẹ́ sí i, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Kí ilẹ̀ náà má ní ajílẹ̀ òyìnbó, kí ó má sì ní ìgbẹ́ adìẹ. Ilẹ̀ pupa díẹ̀ dára sí i nítorí irin tó wà nínú rẹ̀. Lórí rẹ̀, ẹ da iyanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, kí òun náà ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Iyanrìn ni kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ru sókè. Àwa tí a wà ní Jos ní ìkìlọ̀ tiwa lọ́tọ̀ níhìn-ín: ẹ má ṣe bu iyanrìn tàbí omi ní àwọn ihò tí wọ́n ti wa kùsà tíìnì láyé àtijọ́. Omi ibẹ̀ lè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n òkúta tó kù sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ohun tí kò yẹ kí a gbé wọ yàrá.

Bí ẹ bá ń rọ omi, ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ sórí iyanrìn kí omi máa bà lé e. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílóríìnì sí, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú báàkẹ́tì tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan sí méjì. Omi kànga àti ti bohóòlù kò ní kílóríìnì, ṣùgbọ́n ẹ rò ó kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ní ti ìmọ́lẹ̀, gílóòbù LED funfun wáàtì 10 sí 12 tó, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí iná kò bá dúró, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tí oòrùn kò bá wọlé tààrà ń ṣe é.

Ewéko Tiwa

Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá ti mọ méjì nínú ewéko yìí lórúkọ kí ó tó mọ ìwé. Ojúoró, tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní Pistia stratiotes, kì í fi gbòǹgbò kan ilẹ̀. Ó ń léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Kò sí ohun tó ń fa amóníà mu tó o nínú àpótí tuntun, nítorí ó ń rí afẹ́fẹ́ mí lókè, ó sì ń rí oúnjẹ jẹ nísàlẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé yóò bo gbogbo ojú omi bí a bá gbà fún un. Kí a máa kó ìdajì jáde. Òṣíbàtà, Nymphaea lotus, ní iṣu nísàlẹ̀. Bí a bá ń gé ewé rẹ̀ tó fẹ́ jáde sójú omi, yóò máa hu ewé sínú omi, àwọn kan a sì pọ́n bí ẹni fi osùn pa wọ́n. Lókè òkun, owó ni wọ́n fi ń ra iṣu òṣíbàtà.

Anubias barteri àti Bolbitis heudelotii tún wà, tí àwọn méjèèjì ń hù létí odò inú igbó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan orílẹ̀-èdè wa. Ewé Anubias le, ó dúdú, ẹja kì í sì í lè jẹ ẹ́. Ìtàkùn rẹ̀ tó nípọn ni a kò gbọdọ̀ rì mọ́ iyanrìn; yóò rà. Okùn òwú ni a ó fi so ó mọ́ ara òkúta tàbí igi. Kì í kánjú: ewé kan tàbí méjì lóṣù ti tó o. Nítorí náà, ẹ má fi òun nìkan bẹ̀rẹ̀ àpótí. Ẹ fi ojúoró kún un, ẹ sì fi Ceratophyllum, ewéko rírọ̀ tó dà bí búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ìgò, tí kò ní gbòǹgbò rárá, tó sì ń dàgbà lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ kó ewéko nínú odò tàbí adágún, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ yìí. Inú omi bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń mú ènìyàn, àìsàn tí ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbín omi kan tí ń jẹ́ Bulinus ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, kòkòrò náà sì ń jáde kúrò lára ìgbín sínú omi, ó ń gba awọ ara wọlé láìsí pé ènìyàn mọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú omi. Bí ẹ bá délé, ẹ da omi odò nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ṣa gbogbo ìgbín àti ẹyin rẹ̀ tó rọ̀ bí ògì kúrò lára ewé. Ẹ wá rẹ ewéko náà sínú omi tuntun tí ẹ fi álọ́ọ̀mù sí, ṣíbí ìjẹun kan sí omi lítà mẹ́rin, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kòkòrò àtọ̀sí ajá kì í lò ju bí ọjọ́ méjì lọ nínú omi bí kò bá rí ara ènìyàn wọ̀, ìgbín tó bá sì fara pamọ́ yóò kú sínú álọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìgbín tí Warington lò ńkọ́? Ẹ gba tiyín lọ́wọ́ ẹni tó ti bí i sínú àpótí tirẹ̀. Ìgbín tí wọ́n bí sínú gíláàsì, tí ìtọ̀ ènìyàn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, kò ní ibi tí yóò ti kó kòkòrò náà.

Ohun tí ẹ bá sì gé kúrò nínú àpótí, ojúoró tàbí òmíràn, ẹ sá a sóòrùn kí ó gbẹ. Ẹ má dà á sínú gọ́tà. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń dí odò mọ́ àwọn apẹja Èkó, Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́, tí ọkọ̀ ojú omi kò lè gbà á kọjá, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbé e káàkiri ayé. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lórí omi Badagry. Títí di òní, a kò rí i lé lọ.

Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Láìsí Ẹja

Ibí ni sùúrù ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pin. A ti gbin ewéko, omi ti mọ́, àlejò ń béèrè pé ẹja dà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀, bí ìpọn iyọ̀, sínú omi ní ọjọ́ méjì-méjì kí ó lè jẹrà di amóníà tí àwọn bakitéríà yóò jẹ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú àpótí ní gbogbo àsìkò yìí, nítorí omi tó dúró láìsí ẹja, ilé ẹ̀fọn ni. Bí ẹja bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀ràn ẹ̀fọn ti parí, nítorí kò sí tanwíji tí yóò gbé níbẹ̀ di ọ̀la.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, omi lè funfun bí ẹni da mílíìkì sí i, kí ewé mélòó kan sì rà. Ẹ yọ ewé tó rà, ẹ jẹ́ kí ìyókù wà. Bí ẹ bá rí ìwé ìdánwò omi rà, tí kò bá fi amóníà àti náítráìtì hàn mọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi ti gbó. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, ẹ sì wò bóyá ewéko ti ń hu ewé tuntun.

Ẹja Wo Ni Kí A Sìn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí kò yẹ kúrò. Ẹja aláwọ̀ wúrà máa ń dàgbà ju ọwọ́ ènìyàn lọ, ó sì ń hú ewéko. Ọmọ ẹja àrọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀sìn ẹja kò yẹ pẹ̀lú. Àrọ̀ lè yọjú sókè mí afẹ́fẹ́, nítorí náà omi búburú kì í tètè pa á, èyí sì ń tan ènìyàn jẹ pé omi òun dára. Láàárín oṣù díẹ̀, yóò ti jẹ gbogbo ẹja tó kù, yóò sì wo ẹni tó ni àpótí náà bíi pé òun ló kàn.

Fundulopanchax gardneri tí a dárúkọ lókè ni a yàn sí ipò kìíní. Bí ìka ọwọ́ ló gùn mọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ara akọ rẹ̀ ń dán bí aró, tótòtó pupa wà lára rẹ̀, etí lẹbẹ́ rẹ̀ sì lè yọ yẹ́lò. Abo rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Akọ kan sí abo mẹ́ta ni ó dára, nítorí akọ a máa dààmú abo. Ara ewéko ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ẹyin díẹ̀-díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹyin náà a sì pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìwọ̀n ooru 22 sí 26 ló bá a lára mu. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó ń fò. Àpótí tí kò ní ìdérí, orí sìmẹ́ńtì ni a ó ti bá a láàárọ̀.

Ipò kejì ni Pelvicachromis pulcher, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà. George Albert Boulenger tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀n ló fún àwọn méjèèjì lórúkọ sáyẹ́ǹsì, èyí ní 1901, gardneri ní 1911. Nínú irú ẹja yìí, abo ló rẹwà jù: bí ó bá tó àkókò àti yé ẹyin, ikùn rẹ̀ a pọ́n bí ìgbà tí a fi osùn kùn ún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa jó níwájú akọ. Inú ihò ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ẹ da èèpo àgbọn tàbí àpáàdì ìkòkò dojú dé, kí ẹ lu ihò kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé ọkọ ìyàwó nìyẹn. Ìyá ń tọ́jú ẹyin nínú ilé, bàbá ń ṣọ́ ìta. Bí àwọn ọmọ bá jáde, àwọn méjèèjì ni yóò máa kó wọn jẹ̀ kiri bí àgbébọ̀ adìẹ ti ń kó ọmọ rẹ̀. Akọ kan àti abo kan péré ni kí ẹ kó sínú lítà 54. Kí ẹ má sì kó irú ẹja méjèèjì yìí pọ̀, ìjà ni yóò dà.

Ìtọ́jú

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ lébi lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Tanwíji ni oúnjẹ tí ẹja wọ̀nyí fẹ́ràn jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gbé abọ́ omi sí ìta, ẹ máa fi asẹ́ kó wọn ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹni tó bá gbàgbé abọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn ló sìn fún gbogbo àdúgbò.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bu ìdámẹ́rin omi jáde, ẹ fi omi tó ti dúró rọ́pò rẹ̀. Omi tí ẹ bù jáde dára fún ẹ̀fọ́. Bí ewé tíntìntín yíyọ̀ tí í bo ara àmù bá ń bo gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ tàbí oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ẹ dín wákàtí ìmọ́lẹ̀ sí mẹ́fà, ẹ sì fi ojúoró kún un.

Bí ọ́síjìn bá wọ́n, tí ẹja ń ya ẹnu lójú omi, ẹ fi ife bu omi inú àpótí, ẹ máa dà á padà láti òkè bí ẹni ń yẹ ẹ̀kọ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ti ọyẹ́, àwa ará Jos mọ ohun tí ojú ń rí ní December àti January. Yàrá lè tutù débi pé omi yóò lọ sísàlẹ̀ 20. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ àpótí lálẹ́, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì po omi gbígbóná díẹ̀ mọ́ omi tí ẹ fẹ́ rọ sí i títí yóò fi bá ti inú àpótí dọ́gba. Ìyípadà òjijì ń pa ẹja ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsinmi àti ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kò ní pa ẹja tó dàgbà nínú àpótí tó ní ewéko. Ẹ yí omi padà kí ẹ tó lọ, ẹ má ṣe da oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí aládùúgbò máa fún wọn lóúnjẹ, ẹ pọn ọ́n sínú bébà, ìdì kan fún ọjọ́ kan, nítorí aláàánú ló ń fún ẹja ní oúnjẹ àjùlọ. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì bíi ti ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní February tí a kò wọ kíláàsì títí di October, kì í ṣe ohun tí ìdì bébà lè yanjú. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ilé rẹ̀ wà ní Jos níbí, kí ó gba ẹja náà tọ́jú. Ẹ má dà wọ́n sínú odò kankan, pàápàá gardneri tí ẹ kò mọ ìlú tó ti wá. Tí ẹni tó gbà á bá sì ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ìlú sára àpótí kọ̀ọ̀kan, kí Àkúrẹ́ wà lọ́tọ̀, kí Jos náà wà lọ́tọ̀.